Ẹ Má Tètè Sáré Lọ Sókè: Ohun Tí Mo Rí Nínú Ilé Tuntun Tate Modern

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òun fẹ́ lọ wo ilé tí wọ́n fi kún Tate Modern, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ìmọ̀ràn kan náà ni wọn yóò fún un: kí ó wọ ẹ̀rọ agbéniròkè tààrà lọ sí àjà kẹwàá, kí ó wo ìlú láti òkè, kí ó tó máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìmọ̀ràn yẹn ni mo tẹ̀ lé nígbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, ní oṣù Keje ọdún 2016, nígbà tí kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n ṣí ilé náà, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ojú mi ti kún fún òrùlé, afárá àti odò kí n tó rí iṣẹ́ ọnà kankan, ẹsẹ̀ mi sì ti ń ro mí nígbà tí mo fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ohun tí ó dára jù lọ nínú ilé náà wà. Nígbà tí mo padà lọ ní oṣù Kejì ọdún 2024, ìsàlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ó wá dà bí ẹni pé ilé mìíràn ni mo wọ̀.

Kí n tó dé orí ìsàlẹ̀ yẹn, ó yẹ kí ẹni tí kò débẹ̀ rí mọ irú ibi tí à ń sọ. Tate Modern wà ní Bankside, ní ìhà gúúsù odò Thames, ó sì dojú kọ ilé ìsìn ńlá St Paul's tí ó wà ní òdìkejì omi. Ilé iṣẹ́ amúnáwá ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Giles Gilbert Scott ni ó ya àwòrán rẹ̀, ọkùnrin kan náà tí ó ya àwòrán àgọ́ tẹlifóònù pupa tí gbogbo ayé fi ń dá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì pín kíkọ́ rẹ̀ sí láàárín ọdún 1947 sí 1963. Epo ni wọ́n ń jó níbẹ̀ láti fi mú iná wá. Ọ̀pá èéfín rẹ̀ ga tó mítà 99, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó rẹlẹ̀ ju òrùlé roboto St Paul's lọ, kí ilé iná má baà ga ju ilé Ọlọ́run. Nígbà tí epo wá gbówó lórí tí èrè kò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n ti ilé náà pa ní ọdún 1981. Ó dá wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí Jacques Herzog àti Pierre de Meuron, àwọn ayàwòrán ilé méjì láti ìlú Basel ní Switzerland, fi sọ ọ́ di ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ṣí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000.

Nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì àlejò lọ́dún ni wọ́n kọ́ ọ fún. Àwọn tí ó wọlé ní ọdún àkọ́kọ́ nìkan lé ní mílíọ̀nù márùn-ún, àwọn ènìyàn kò sì yé wọ́ tìrítìrí lọ síbẹ̀ láti ìgbà náà. Ilé kò gba èrò mọ́. Àwọn ayàwòrán ilé méjì kan náà ni wọ́n ké sí pé kí wọ́n wá fẹ̀ ẹ́. Àwòrán tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 2006 jẹ́ ti àpótí gíláàsì tí wọ́n tò léra wọn bí ẹrù tí ẹnìkan já sílẹ̀ láìtò ó dáadáa. Ní ọdún 2008 ni wọ́n yí èrò padà, tí wọ́n sì yan bíríkì. Mo dúpẹ́ gidigidi pé wọ́n yí i padà, nítorí pé gíláàsì pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù débi pé ẹni tí ó bá rí ọ̀kan ti rí ogún. Ilé àtijọ́ tí wọ́n fi bíríkì tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin kọ́ kò yẹ kí ó bí ọmọ onígíláàsì.

Ọmọ tí ó bí náà ga tó mítà 64 àti ààbọ̀. Láti ọ̀nà jíjìn, ó dà bí òkìtì tí ẹnìkan di ṣóńṣó rẹ̀ mú, tí ó sì rọra lọ́ ọ, tí ìhà kọ̀ọ̀kan fi ṣẹ́ wọnú lọ́nà tirẹ̀. Kò sí ibi tí o dúró sí tí ìrísí rẹ̀ kò ní yàtọ̀ sí ti ibi tí o ti kúrò. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá sún mọ́ ọn ni a tó mọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Bíríkì 336,000 ni ó wà lára rẹ̀, àwọ̀ wọn sì sún mọ́ ti ilé àtijọ́, àmọ́ wọn kò tò wọ́n bí a ṣe ń tò bíríkì ògiri. Méjì méjì ni wọ́n so wọ́n pọ̀, àlàfo sì wà láàárín èjì kan àti èkejì rẹ̀ bí ojú asẹ́. Kì í ṣe ògiri tí ó ru ilé ni èyí. Aṣọ ni. Kọnkéré tí ó ru ilé gan-an wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọ̀sán, oòrùn máa ń gba ojú asẹ́ náà wọlé, ó sì máa ń sọ ìmọ́lẹ̀ kéékèèké sára ògiri àtẹ̀gùn. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, iná inú ilé ni yóò máa gba ojú kan náà jáde. Mo na ọwọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn àlàfo náà. Ìka mẹ́rin mi wọ ibẹ̀ dáadáa, afẹ́fẹ́ tútù sì ń gba àárín wọn kọjá.

Ìsàlẹ̀ wá kù. Nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ ilé iná, abẹ́ ilẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé náà ni wọ́n ń tọ́jú epo sí, nínú táǹkì roboto mẹ́ta tí wọ́n fi kọnkéré ṣe. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ju ọgbọ̀n mítà lọ láti etí kan dé èkejì, gíga rẹ̀ sì tó mítà méje. Dípò kí wọ́n wó wọn, tàbí kí wọ́n ti ilẹ̀ kún wọn, orí wọn gan-an ni wọ́n gbé ilé tuntun náà kà. Báyìí ni táǹkì mẹ́ta náà ṣe wà lábẹ́ ilé bí ààrò mẹ́ta lábẹ́ ìkòkò, ọbẹ̀ kò sì dànù. N kò rò pé àwọn ayàwòrán ilé láti Basel mọ òwe wa, ṣùgbọ́n ohun tí òwe náà sọ ni wọ́n ṣe.

Oṣù Keje ọdún 2012 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí àwọn táǹkì wọ̀nyí fún ènìyàn, fún oṣù díẹ̀, kí wọ́n tó tún tì wọ́n kí iṣẹ́ ìkọ́lé lè tẹ̀ síwájú. Ohun tí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ni iṣẹ́ ọnà tí kì í dúró lójú kan: ijó, eré, ohùn, fíìmù, ohun tí ènìyàn ń fi ara ṣe lójú àwọn ènìyàn mìíràn. Kò sí musíọ̀mù kankan ṣáájú ìgbà náà tí ó ní ààyè tí ó wà títí láé fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó bá ti rí bí a ṣe ń gbé eégún sínú àpótí gíláàsì ní àwọn musíọ̀mù kan, tí a ó gbé agọ̀ rẹ̀ kọ́ láìsí onílù, láìsí ẹsẹ̀, láìsí eruku, yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wọ̀ mí lára. Iṣẹ́ tí ènìyàn ń fi ara ṣe nílò ilẹ̀ tí a lè tẹ̀. Wọ́n ní i níbẹ̀.

Nígbà tí mo wọ ibẹ̀ ní ọdún 2016, fíìmù oríṣiríṣi tí Apichatpong Weerasethakul láti Thailand ṣe ní ọdún 2009 ni wọ́n ń fi hàn lórí ògiri nínú òkùnkùn, èyí tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní Primitive. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin abúlé Nabua ni wọ́n wà nínú rẹ̀, abúlé kan ní ìhà ìlà oòrùn àríwá orílẹ̀-èdè náà tí àwọn ológun ti fojú àwọn ará ibẹ̀ rí màbo ní ìgbà kan. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni mo fi wò ó, nítorí pé ó ti rẹ̀ mí. Ìyẹn ni ó dùn mí jù. Iṣẹ́ tí ń rọra sọ̀rọ̀, tí ó nílò kí ènìyàn jókòó tì í, ni mo wá fi ìyókù okun ara mi wò.

Ní ìgbà kejì, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wọ̀, ní òwúrọ̀, nígbà tí ènìyàn kò tíì pọ̀. Mo dúró ní àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó so àwọn táǹkì pọ̀, mo sì kàn ń wo kọnkéré. Àwọn ayàwòrán ilé náà kò kùn ún, wọn kò sì fi nǹkan bò ó. Àbàwọ́n tí ọjọ́ pípẹ́ fi sára rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àwọn òpó tuntun tí ó dá gbọọrọ láti gbé ilé òkè dúró sì tò sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ti àtijọ́ tí ó dúró ṣánṣán. Ọmọdé kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ohùn náà yí ibẹ̀ ká, ó padà wá, ọmọ náà sì wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí ó ṣe ohun tí kò yẹ kí ó ṣe. Ìyá rẹ̀ náà pàtẹ́wọ́.

Láti ibẹ̀ ni àtẹ̀gùn ti bẹ̀rẹ̀, mo sì bẹ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbà á pé kí ó gun ún. Ó fẹ̀ ní ìsàlẹ̀, ó sì ń yí bí ìkarahun ìgbín, ènìyàn mẹ́rin lè gùn ún ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn láìfara kanra. Bí ó ṣe ń lọ sókè ni ó ń tọ́, tí ó sì ń tóóró. Ní ibi tí ó bá ti yà, àwọn ayàwòrán ilé fi ìjókòó onígi sí ojú fèrèsé tí wọ́n gé gbọọrọ sínú aṣọ bíríkì náà. Igi oak tí wọn kò kùn rárá ni wọ́n fi ṣe ìjókòó àti ilẹ̀. Mo jókòó sí ọ̀kan, mo rí ọkùnrin kan tí ó ń sùn, àwọn ọmọ ilé ìwé méjì tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, àti ìyá arúgbó kan tí ó bọ́ bàtà. Kò sí ẹni tí ó lé wọn. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ musíọ̀mù tí mo ti wọ̀, àga kan ṣoṣo ni ó máa ń wà ní àárín yàrá ńlá, òun náà a sì máa jẹ́ ti òṣìṣẹ́. Níhìn-ín, ó hàn pé ẹni tí ó ya ilé yìí mọ̀ pé àlejò ní ẹ̀yìn tí ń ro ó.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé àtẹ̀gùn yìí dára ju púpọ̀ nínú àwọn yàrá àfihàn tí ó gbé wa dé lọ. Àwọn yàrá náà, ní àjà kejì, ìkẹta àti ìkẹrin, kò burú: wọ́n gbòòrò, iná wọn tutù, ògiri wọn funfun, òkè wọn ga. Àmọ́ funfun tí ó wà níbẹ̀ ni funfun tí ó wà níbi gbogbo ní ayé. Bí wọ́n bá di ojú rẹ, tí wọ́n sì ṣí i fún ọ nínú ọ̀kan nínú wọn, o kò ní mọ̀ bóyá Lọ́ńdọ̀nù ni o wà tàbí ìlú mìíràn. Ìrísí tí ó mú ìta ilé náà yàtọ̀ kò bá wa dé inú yàrá. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí, kí ilé má baà bá iṣẹ́ ọnà du ojú àlejò. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n táǹkì ìsàlẹ̀ kò bá iṣẹ́ Weerasethakul du ohunkóhun, ó ràn án lọ́wọ́ ni.

Àwọn iṣẹ́ tí mo bá nínú àwọn yàrá náà ní ọdún 2016 ni ó gbà wọ́n lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan ni bíríkì Carl Andre, èyí tí ó pè ní Equivalent VIII: ọgọ́fà bíríkì tí wọ́n fi ń kọ́ ilé ìléru, tí ó tò sílẹ̀ ní ìpele méjì bí ẹni tò páálí sáàárín yàrá, kò lẹ̀ wọ́n pọ̀, kò sì ṣe ohun mìíràn sí wọn. Ọdún 1966 ni ó ṣe é, Tate sì rà á ní ọdún 1972. Nígbà tí àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ nípa rẹ̀ ní ọdún 1976, wọ́n fi àwọn tí ó fi owó ìlú ra bíríkì ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé ẹnìkan lọ da aró sí i lára. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e sínú ilé tí wọ́n fi bíríkì 336,000 wọ̀ láṣọ. N kò mọ̀ bóyá ẹni tí ó tò ó síbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Èmi rẹ́rìn-ín. Mo ti bá bíríkìlà kan ṣe ọ̀rẹ́ rí, ohun tí mo sì rí lára iṣẹ́ yìí ni ohun tí gbogbo bíríkìlà mọ̀: pé bí bíríkì ṣe dọ́gba tó, kò sí méjì tí ó jọra. Igun ọ̀kan já díẹ̀, òmíràn ní àmì iná lára. Ọgọ́fà ni wọ́n, mo sì ka nǹkan bí ogún kí òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí wò mí.

Èkejì ni ìlú tí Kader Attia fi couscous kọ́, oúnjẹ àwọn ará Àríwá Áfíríkà tí wọ́n fi ọkà àlìkámà ṣe. Ghardaïa ni ìlú náà, ní àfonífojì M'zab ní Àlgéríà, ìlú àtijọ́ tí ilé rẹ̀ tò sára òkè bí afárá oyin. Attia fi couscous tí wọ́n ti sè mọ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì: ilé, ojú pópó, òkè. Lára ògiri, ó kọ́ àwòrán àwọn ayàwòrán ilé Faransé méjì, Le Corbusier àti Fernand Pouillon, àwọn tí wọ́n wo irú ìlú bẹ́ẹ̀, tí wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀, tí ayé sì ń yìn wọ́n fún un, nígbà tí a kò mọ orúkọ àwọn tí ó kọ́ ìlú náà gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú mi lè dọ́gba pẹ̀lú òrùlé. Couscous náà ti gbẹ. Ó ti ń là, ògiri ilé kan sì ti wó sórí èkejì, ẹ̀rún rẹ̀ sì ti dà sílẹ̀ bí yanrìn. Oníṣẹ́ ọnà náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Iṣẹ́ náà kò pé láìsí wíwó yẹn. Obìnrin kan tí ó dúró tì mí sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ebi ń pa òun.

Ẹ̀kẹta ni àpótí onígi tí Rasheed Araeen, tí a bí ní Pakistan, gbèrò rẹ̀ ní ọdún 1968, tí ó ní ihò ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, tí ó jẹ́ ọgọ́rùn-ún ní iye, tí a sì lè tún tò bí ó bá ṣe wu àwọn ènìyàn. Kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Inú mi dùn sí i, mo sì kọjá.

Ohun tí ó so àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni pé iṣẹ́ orí ilẹ̀ ni wọ́n. Kì í ṣe àwòrán tí a gbé kọ́. Ẹni tí ó bá ń retí àwòrán olóróró nínú férémù nínú ilé tuntun yìí yóò rí díẹ̀, àwọn ti àtijọ́ ṣì wà ní òdìkejì, nínú ilé tí ìléru wà nígbà tí ó jẹ́ ilé iná. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé tuntun náà, wọ́n tún gbogbo àkójọ tò: àwọn oníṣẹ́ ọnà wá láti orílẹ̀-èdè tí ó lé ní àádọ́ta, ìdajì àwọn yàrá tí ó jẹ́ ti oníṣẹ́ ọnà kan ṣoṣo sì jẹ́ ti obìnrin. Frances Morris, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀gá Tate Modern, ni ó wà nídìí rẹ̀. Nígbà náà, yàrá oníṣẹ́ ọnà obìnrin Louise Bourgeois ní àjà kẹrin nìkan tó ohun tí ènìyàn lè tìtorí rẹ̀ wọ ọkọ̀ wá.

Ó kù síbì kan lójú mi. Ní ọdún 2013, Tate gba ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà Áfíríkà òde òní tí Meschac Gaba, ọmọ Cotonou, fi ọdún márùn-ún ṣe láàárín 1997 sí 2002. Yàrá méjìlá ni, musíọ̀mù kan nínú musíọ̀mù. Ọ̀kan wà fún oúnjẹ, ọ̀kan fún ilé ìkàwé, ọ̀kan fún ìgbéyàwó, èyí tí Gaba fúnra rẹ̀ ti gbéyàwó nínú iṣẹ́ náà ní Amsterdam. Ìbéèrè tí ó ń bi ni pé níbo gan-an ni wọn yóò fi iṣẹ́ ọnà Áfíríkà òde òní sí. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo ní ilé alájà mẹ́wàá tuntun lọ́wọ́, àjà kan nínú rẹ̀ ni ǹ bá fi dá a lóhùn, kí yàrá méjèèjìlá wà níbẹ̀ títí lọ.

Láàárín ilé àtijọ́ àti tuntun ni gbọ̀ngàn àwọn ẹ̀rọ amúnáwá wà, èyí tí ó gùn tó mítà 152, tí ó sì ga tó mítà 35. Kí wọ́n tó kọ́ ilé tuntun, ẹ̀gbẹ́ kan ni gbọ̀ngàn yìí ní; ní báyìí, ó ti di àgbàlá tí ilé méjì dojú kọ, afárá kan sì gba orí rẹ̀ kọjá ní àjà kẹrin láti inú ilé kan sí èkejì. Ní ọdún 2016, igi tí Ai Weiwei, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Ṣáínà, ṣe ni ó dúró níbẹ̀, igi tí wọ́n fi ẹ̀ka àwọn igi òkú láti ìhà gúúsù Ṣáínà dè pọ̀ mọ́ ara wọn. Ó ga, ó dára, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn náà gbé e mì.

Èyí tí mo bá ní ọdún 2024 ni gbọ̀ngàn náà kò lè gbé mì. El Anatsui, ọmọ Gánà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Yunifásítì ìlú Nsukka, ni ó gbé aṣọ ńláńlá mẹ́ta kọ́ síbẹ̀ láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023 títí di oṣù Kẹrin ọdún 2024. Ìdérí ìgò ọtí ni wọ́n fi ṣe wọ́n, ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n ká, tí wọ́n sì fi okùn wáyà bàbà rán pọ̀. Ọtí àti ṣúgà ni ìtàn rẹ̀: àwọn ohun tí wọ́n fi ra ènìyàn, àti àwọn ohun tí wọ́n kó àwọn ènìyàn náà kọjá òkun lọ gbìn. Henry Tate tí orúkọ rẹ̀ wà lára ilé náà, ṣúgà ni ó fi lówó. Aṣọ àkọ́kọ́ pupa, ó sì wú bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi. Aṣọ kẹta, tí ó dúdú, rọ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó sì dà sílẹ̀ bí ìgbì omi tí ó dé èbúté.

Mo gun àtẹ̀gùn lọ sórí afárá àjà kẹrin láti wò wọ́n láti òkè, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ ohun tí ilé tuntun náà ṣe fún gbọ̀ngàn àtijọ́. Láti ilẹ̀, aṣọ ọba ni. Láti orí afárá, mo ń rí ìdérí kọ̀ọ̀kan, mo rí èyí tí ó yọ̀ ní àwọ̀ wúrà àti èyí tí orúkọ ọtí kan ṣì wà lára rẹ̀ ní ìdajì, mo sì rí ibi tí wáyà ti yọ orí jáde bí òwú tí aránṣọ gbàgbé láti já. Ó rán mi létí àwọn ìyá wa tí wọ́n máa ń yí ẹ̀yìn aṣọ sókè kí wọ́n tó ná an.

Ní ti àjà kẹwàá tí gbogbo ènìyàn ń sáré lọ, mo ní láti sọ òótọ́ pé ó dára. Ní ọdún 2016 tí mo débẹ̀, ìta gbangba ni, ó yí ilé náà ká, òrùlé St Paul's sì dà bí ohun tí a lè na ọwọ́ fà. Ẹ̀gbẹ́ gúúsù rẹ̀ ni ó dá ẹjọ́ sílẹ̀. Ilé gíláàsì kan tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń gbé, Neo Bankside, wà níbẹ̀ nítòsí gan-an, àwọn àlejò tí iye wọn tó ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí ọgbọ̀n ọ̀kẹ́ lọ́dún, ìyẹn 500,000 sí 600,000, sì máa ń rí yàrá wọn kedere nígbà náà, àwọn kan tilẹ̀ máa ń yà wọ́n ní fọ́tò. Ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà Tate nígbà náà dá wọn nímọ̀ràn pé kí wọ́n ta aṣọ sí fèrèsé. Àwọn onílé lọ sí kóòtù, wọ́n pàdánù ní ọdún 2019, wọ́n tún pàdánù ní kòtẹ́milọ́rùn ní ọdún 2020, àmọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2023, adájọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá wọn láre. Mo ti wà lára àwọn tí ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ yẹn ní ọdún 2016. Mo rí àga aláwọ̀ eérú kan, igi inú ìkòkò, àti tábìlì tí ife kan wà lórí rẹ̀. Mo tètè yí ojú padà, bí ẹni tí ó ṣèèṣì ṣí ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn.

Owó tí wọ́n fi kọ́ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 260 mílíọ̀nù pọ́n-ùn, láti ọwọ́ ìjọba àti láti ọwọ́ àwọn olówó. Nítorí ọ̀kan nínú àwọn olówó náà, Len Blavatnik, ni orúkọ ilé náà fi yí padà ní ọdún 2017 láti Switch House, ìyẹn ilé tí wọ́n ti ń darí iná, sí Blavatnik Building. Orúkọ àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ràn, nítorí pé ó ń sọ iṣẹ́ tí ibẹ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wíwo àkójọ wọn, àfi àwọn àfihàn pàtàkì tí à ń sanwó fún. Ẹni tí ó bá ní wákàtí mẹ́ta, kí ó lo ọ̀kan nínú táǹkì, kí ó gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹrin, kí ó gba afárá kọjá, kí ó sì fi òkè sí ìkẹyìn, bí wọ́n bá ṣí i, tí ẹsẹ̀ sì ṣì kù.

Èmi kò gun òkè ní ìgbà kejì. Mo padà sọ̀ kalẹ̀ sí ojú fèrèsé tí mo ti jókòó sí ní ọdún 2016. Igi oak tí ó funfun bíi ẹran iṣu nígbà náà ti di àwọ̀ ẹ̀kọ mímu, etí rẹ̀ sì ti ń dán níbi tí itan àwọn ènìyàn ti ń kàn án. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan jókòó síbẹ̀ tí ó ń ya àwòrán àtẹ̀gùn sínú ìwé. Ó kó àpò rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ kí n lè rí àyè, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.